Àwọ́ọ̀dù tí mo lọ ṣe ní Sábó: gíláàsì wọn dáa, etí wọn ni ò gbọ́

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe àwọ́ọ̀dù ní Sábó Ìkòròdú níbí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn torí mi ò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, lápá Ìgbógbo ló dáwó, ₦28,000, ká fi yẹ́ Anti Alábẹ́rẹ́ sí. Kò sẹ́ni tó bímọ ládùúgbò wa tí ò mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gbé kúlà kọ́ èjìká, á bọ́ bàtà sọ́wọ́ tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, á kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ ẹ̀kán méjì sọ́mọ lẹ́nu, á fi máàkà kun ọmọńdinrín ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti gbà á, á tún fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri yín, ẹ̀yin á sì máa bínú pé ó ba ọ̀dà yín jẹ́ 😂. Ní August 2020 tí wọ́n kéde pé wild polio, ìyẹn kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá, ti tán ní Áfíríkà, àwọn tó wọ kóòtù nìkan ni mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò rí ẹlẹ́rù kúlà kankan.

Ó dáa. Mo fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, mo ní kí wọ́n kọ CHEW sábẹ́ ẹ̀. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà pè mí, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ṣé chew bíi ti ṣingọ́ọ̀mù ni?" Mo ní rárá o, Community Health Extension Worker ni, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nílé ìwé, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà, àwọn ni wọ́n ń tọ ará ìlú lọ nílé. Ó ní òun ti gbọ́. Ìgbà tí mo dé 'bẹ̀, BEST NURSE ni wọ́n kọ gàdàgbà!

Ẹ lè ní kí ló wá burú, ṣebí nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé nọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀, ìwé CHEW ọ̀tọ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì gangan bá lọ rí gíláàsì yẹn lórí tábìlì ẹ̀ ní sẹ́ńtà ìlera, ẹjọ́ la rà fún un yẹn.

Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù ò bá mi jiyàn ṣá, wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni mo tó rí i gbà, kò sí àga, ariwo jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mí létí. Gíláàsì yẹn nípọn o, etí ẹ̀ ń dán, inú páálí tí wọ́n tẹ́ àrán pupa sí ni wọ́n gbé e sí.

Nígbà tí a gbé e fún un ní mítìn, ó fi ìbòrí ẹ̀ nu gíláàsì, ó fìka tọ lẹ́tà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n kọ CHEW sí i!" Alága ní kó kó o sínú kúlà kó má fọ́ lórí ọ̀kadà, ó yarí: "Bàbá, nǹkan míì kì í wọ ibẹ̀ yàtọ̀ sí àjẹsára, 2 sí 8 degree la gbọ́dọ̀ fi í sí." Nílọ́ọ̀nù ló fi gbé e lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn. Ì bá jẹ́ mẹ́rin, owó ọ̀kadà ẹ̀ẹ̀mejì tí mo san ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ohun tí wọ́n fẹ́ kọ ránṣẹ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ o.