A háyà afinimọ̀nà tiwa nìkan lọ sí Ostia Antica: ohun tí owó mi rà

Ọjọ́ tó ṣáájú, a bá èrò bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọ Colosseum, gbọ̀ngàn eré àtijọ́ ńlá tó wà ní Róòmù. Afinimọ̀nà wa gbé àsíá pupa kékeré kan sókè, ó ń yára lọ níwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wọlé láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi há wa létí. Màámi kò lè bá wọn sáré. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún wọn kò sì fẹ́ kánmọ́-kánmọ́. Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a jáde, wọ́n jókòó sórí òkúta kan, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo rí ilé ńlá, ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tí mo rí." Ó dùn mí wọra.

Ọpẹ́ ni pé ti ọjọ́ kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti háyà afinimọ̀nà kan fún àwa mẹ́ta péré, èmi, Màámi àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, fún wákàtí mẹ́ta ní Ostia Antica. 240 euro ni mo san. Owó gidi ni lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní London, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kínníkínní fún ẹni tó bá ń ro irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ostia ni èbúté àtijọ́ Róòmù, ibi tí odò Tiber ti ń wọ òkun nígbà náà. Bàbá mi ló jẹ́ kí n yàn án ju ahoro ìlú Pompeii lọ. Iṣẹ́ tálì ni wọ́n ṣe ní wáàfù Àpápá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n á dúró ti ọkọ̀, wọ́n á máa ka ẹrù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àpò kan, ìlà kan nínú ìwé. Físà wọn kò tètè jáde, wọn kò lè bá wa wá. Mo ní bí n ò bá tiẹ̀ rí nǹkan kan mìíràn ní Ítálì, màá rí èbúté kan tí màá fi ròyìn fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ilé iṣẹ́ tí mo gba ètò náà lọ́wọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ gbangba pé owó ìwọlé ti wà nínú 240 euro yẹn. A dé ẹnu ọ̀nà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan lórúkọ wa. Afinimọ̀nà fi ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun hàn mí: owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú tì í nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo sanwó fún èmi àti Màámi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó ní àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ítálì. Ìgbà mẹ́ta ni mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó dá owó náà padà. Bí ẹ bá fẹ́ gba irú ètò yìí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn nínú ìwé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi èsì wọn pamọ́.

Wọ́n tún fẹ́ gba 120 euro fún mọ́tò tó máa gbé wa láti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má dáwọ́ lé e. Reluwé tó ń lọ sí etíkun Lido máa ń gbéra ní Porta San Paolo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó Piramide, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìgboro lásán ló ń gbéni lọ, kò sì ju nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ. Ohun tó ni Màámi lára níbẹ̀ kò ju afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí a gùn kọjá títì lọ. Ọjọ́ Ajé nìkan ni kí ẹ yẹra fún, nítorí wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa.

Obìnrin tó dúró dè wá kò tíì tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Káàdì ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Ítálì, ẹni tí kò bá ní in kò láṣẹ láti ṣiṣẹ́ yìí, ẹ máa wò ó. Ó gbé àpótí ìjókòó kan tó ṣeé ká lọ́wọ́, torí mo ti kọ̀wé nípa orúnkún Màámi. Ó kí wọn kí ó tó kí èmi. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá ní iṣẹ́ tí ìdílé wa ń ṣe. Mo rò pé ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ wá wa ni. Mo sọ fún un pé tálì ni bàbá mi, pé Màámi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Múṣin fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní, "Ó dára, ọ̀nà mìíràn la máa gbà lónìí."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo sanwó fún.

Ostia kò dà bí ibi tí àwọn èèyàn máa ń rò tí wọ́n bá gbọ́ ahoro Róòmù. Iná òkè kò bò ó mọ́lẹ̀ bíi Pompeii. Odò ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Yanrìn ń dí ẹnu òkun díẹ̀díẹ̀, òwò ń ṣí lọ sí èbúté tuntun tí olú ọba Claudius bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 42 tí olú ọba Trajan sì mú gbòòrò, ibà ń dá àwọn tó kù dùbúlẹ̀, títí ìlú fi ṣófo. Ní ọdún 1557, omíyalé kan gbé odò Tiber fúnra rẹ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Èbúté tuntun yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pápákọ̀ òfurufú Fiumicino wà báyìí, níbi tí ọkọ̀ wa balẹ̀ sí. Nítorí náà, bíríkì pupa ni ẹ ó máa rí, àlàpà lẹ́yìn àlàpà, títì olókúta dúdú tó gùn ju kìlómítà kan lọ láàárín wọn. Ẹni tó bá dá wọ ibẹ̀ á rìn wákàtí kan, á ní gbogbo rẹ̀ jọra.

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn eré ni ojú wa ti kọ́kọ́ là. Pápá onígun mẹ́rin kan wà níbẹ̀, ọ́fíìsì kéékèèké bíi 60 ló yí i ká, iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun tò sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi, ẹja, ilé iná etíkun. Àwọn ọlọ́kọ̀ àti oníṣòwò ló ni wọ́n, orúkọ ìlú wọn ló sì wà nílẹ̀ bí pátákó ṣọ́ọ̀bù. Erin kan wà fún àwọn ará Sabratha, ní Líbíà. Àwọn ará Carthage, ní Tùnísíà, kọ ọ́ pé owó àpò àwọn làwọn fi ṣe tiwọn. Alexandria wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Màámi yí pápá náà po tán lórí ẹsẹ̀ wọn, wọn kò béèrè àpótí ìjókòó. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ń bọ́ wọn nígbà náà!" Afinimọ̀nà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkà Íjíbítì àti ti àríwá Áfíríkà ni Róòmù ń jẹ. Kò fi ìkánjú gbé wa kúrò níbẹ̀. Àwọn èrò mìíràn wọlé, wọ́n ya fọ́tò erin, wọ́n lọ, a ṣì wà níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn eré fúnra rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe púpọ̀, kò mú mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwẹ̀ Neptune, òrìṣà òkun àwọn ará Róòmù, ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ kí ẹ lè wo àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ láti òkè, ẹṣin òkun mẹ́rin tó ń wọ́ òrìṣà náà lọ. Àwọn ilé alájà tí wọ́n ń háyà fún èèyàn wà káàkiri, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ayálégbé lókè.

Búkà kan wà ní òpópónà Diana. Búkà ni mo pè é nítorí pé búkà ni. Pèpéle mábù tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ àti ọtí wà lójú ọ̀nà, ọpọ́n tí wọ́n fi ń fọ ife wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ǹṣì òkúta wà níta fún oníbàárà, àwòrán ohun tí wọ́n ń tà sì wà lára ògiri títí dòní. Kò jìnnà síbẹ̀ tí a fi rí àgbàlá kan tí wọ́n ri àmù amọ̀ ńláńlá tó lé ní 30 mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, òróró tàbí wáìnì ni wọ́n ń rọ sínú wọn. Ọmọ mi na ọwọ́ sórí ẹnu ọ̀kan láti òkèèrè, ó ní òun lè wọ inú rẹ̀ dúró. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò wọn náà ń bẹ, àwọn ihò lójú mábù, tí wọ́n jókòó tira wọn bí ẹni jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ká máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni a ya sí ọ̀nà kan tí n kò rí èrò púpọ̀ níbẹ̀, Via della Foce. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ńlá kan, afinimọ̀nà dá wa dúró níwájú yàrá ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọn ọkà. Láti ẹnu ọ̀nà la ti wo ilẹ̀ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ ni wọ́n fi tò ó. Alárù kan gbé àpò lé èjìká. Òṣùwọ̀n ribiti kan wà nílẹ̀, ó rí bíi kóńgò ńlá. Ọ̀gá tó dúró tì í mú igi kan lọ́wọ́, igi náà ni wọ́n fi ń fá orí òṣùwọ̀n kó tẹ́jú.

Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Gígé ni wọ́n ń gé e! Àbẹ̀kẹ́, bi í wò, ṣé wọn kì í fi ènì sí i?"

Mo ṣàlàyé ènì fún obìnrin náà, pé lẹ́yìn tí a bá wọn ọjà tán, a máa ń bu díẹ̀ sí i fún oníbàárà. Ó ní kí n tún un pè, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó wá dá Màámi lóhùn tààrà, kò gba ọ̀dọ̀ mi. Ó ní ọkà ìjọba ni, pé nígbà olú ọba Augustus, àwọn bí 200,000 ló ń gba ọkà ọ̀fẹ́ ní Róòmù, bí òṣùwọ̀n kan bá sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé, ibòmíràn ló máa din. Màámi mi orí. Wọ́n ní òwò yàtọ̀ sí ìpín, pé ó tọ̀nà.

Ọmọ mi ló rí ẹlòmíràn. Ọmọdékùnrin kan wà láàárín àwọn àgbà náà, okùn tí wọ́n so àmì mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń ka iye òṣùwọ̀n. Ó fa aṣọ mi. "Mọ́mì, iṣẹ́ Bàbá Àgbà nìyẹn." A ya fọ́tò rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, afinimọ̀nà sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bá Màámi sọ̀rọ̀ títí ara mi fi balẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ti pé. Kò wo aago. Ó ní níwọ̀n bí Màámi ti jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ibì kan kù. Ó mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Aurea ní abúlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ọdún 387 ni Mọ́níkà Mímọ́, ìyá Augustine Mímọ́, kú ní Ostia, ní ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ayé rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà sí Áfíríkà. Ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí ni. Ní ọdún 1945, àjákù òkúta ibojì rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, inú rẹ̀ ló wà báyìí. Ó ti wù ú tẹ́lẹ̀ kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ nílé. Nígbà tí ikú dé, ó ní kí wọ́n sin òun sí ibi tó bá rọrùn, kí wọ́n sáà máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Màámi ti wà nínú ẹgbẹ́ Mọ́níkà Mímọ́ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ rosary wọn kan òkúta náà díẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ reluwé.

Ẹ wọ bàtà tó nípọn, nítorí òkúta títì náà kò tẹ́jú rárá. Ẹ mú fìlà. Igi wà, ṣùgbọ́n oòrùn pọ̀ ju òjìji lọ. Ẹ má gbà fún wákàtí méjì bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín. Mẹ́ta gan-an kò tó wa. Ẹ sì kọ̀wé sí afinimọ̀nà ṣáájú, ẹ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ fún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohùn bàbá mi wọlé sórí WhatsApp. Wọ́n ti fẹ fọ́tò náà wò. Wọ́n ní, "Ọmọdé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ka ẹrù ìjọba? Ní Àpápá, ẹni méjì là ń jẹ́, tọkọ̀ àti tàká, a ó sì fi ìwé wé ìwé. Ta ló ń kà á ní ẹ̀gbẹ́ kejì?"

Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bi í. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun bẹ́ẹ̀ rí, kí n mú wọn wá kí wọ́n wò ó fúnra wọn. Físà ti jáde báyìí. Oṣù kẹwàá la fi í sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo sì ti gbà á lọ́tẹ̀ yìí.