Ṣọ́ọ̀bù oníférémù tó mọyì fọ́tò ajagunfẹ̀yìntì ní Òṣogbo

Bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹẹrẹ, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì sì ti ń lẹ báàjì ìrántí mọ́ àyà, ṣọ́ọ̀bù oníférémù kan wà ní àdúgbò Station Road tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iṣẹ́ wọn fún ẹnikẹ́ni tí òbí rẹ̀ bá ṣe ṣọ́jà.

Fọ́tò bàbá àgbà mi ni mo gbé lọ síbẹ̀. Wọ́n wà lára Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jagun ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá wọn lọ́lá sì wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ tó pupa láàárín, tó ní àwọ̀ aró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ilà àwọ̀ ọsàn sì gba inú aró náà kọjá. Ọ̀gá oníṣẹ́ náà kò fi gọ́ọ̀mù kan ìràwọ̀ náà rárá. Òwú ni ó fi so ó mọ́ aṣọ àrán dúdú, kí a lè tú u láìbà á jẹ́, ó sì fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sí ààrin fọ́tò àti gíláàsì, nítorí pé fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì nígbà òjò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò nìkan ni mo ní kí wọ́n tún tẹ̀, torí pé ọjọ́ kọkànlá oṣù Bélú ni wọ́n pè ní ọjọ́ ìrántí. Ọjọ́ yẹn náà ní ìtàn: aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ní ọdún 1918, ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, Nàìjíríà sì máa ń ṣe ìrántí náà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1970 ni Philip Effiong juwọ́ sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ lórúkọ Biafra, níwájú Ọ̀gágun Yakubu Gowon ní Dodan Barracks, Èkó, tí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 sì parí. Gowon kéde pé kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tí a borí. Nítorí náà ni a ṣe gbé ìrántí wa wá sí ọjọ́ yẹn, ó sì tọ́ lójú mi, nítorí pé ọmọ wa ni àwọn tó kú níhà méjèèjì. Ẹyẹlé funfun tí wọ́n ń tú sílẹ̀ níbi ayẹyẹ náà, àlàáfíà yẹn ni ó ń tọ́ka sí. Ó wù mí kí àwọn òbí máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ.

Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. ₦8,500 ni gbogbo iṣẹ́ náà; kò pọ̀ jù. Àbùkù kan ni pé gíláàsì wọn máa ń dán jù bí iná bá tàn sí i. Ẹ gbé fọ́tò yín lọ kí Kérésìmesì tó dé, nítorí èrò máa ń pọ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, kí ẹ sì kọ orúkọ, nọ́ńbà ṣọ́jà àti ẹgbẹ́ ogun bàbá yín sínú ìwé fún wọn.