Ẹnu ọ̀nà tó ti gbó: ọ̀dà àbí táìlì?

Ní Àgbádárìgì níbí, atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà pẹ́ kó tó gbó.

Ọ̀dà kò gbówó lórí tó táìlì, èèyàn sì lè kùn ún fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ń mu omi láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà á wú, á sì máa bó. Ẹ fọwọ́ pa ògiri náà wò: bí ìyẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ha á dáadáa kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Táìlì ń fẹ́ oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, àmọ́ ìdọ̀tí ọwọ́ ọmọdé kò ní í mú un. Èyí tó ń dán ni mi ò fẹ́ nílẹ̀ rárá. Òjò díẹ̀, àgbàlagbà á yọ̀ ṣubú.

Ayálégbé, ẹ kun ọ̀dà. Onílé tí èrò ń wọlé rẹ̀ ṣáá, táìlì sàn fún un.