Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọ́ìlì sintẹ́tíìkì: ẹ yí ike náà sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lu àwọn tó ń ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní jìbìtì. Àwọn kan ń rọ gbàrọgùdù sínú ike ojúlówó. Àwọn kejì kò parọ́ tí ẹ lè fi mú wọn; òótọ́ wà lẹ́yìn ike wọn, wọ́n kàn kọ ọ́ tín-ín-tín ni.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń rí ọlọ́gbọ́n mú, torí pé ike wọn mọ́, ìdérí wọn sì dì pinpin. Iwájú ike, àwòrán mọ́tò tó ń dán àti ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ẹ̀yìn ike, nísàlẹ̀ pátápátá, API SA. API ni àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe òṣùwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo lẹ́tà méjì tó tẹ̀lé e yẹn, SA, dáadáa. S dúró fún ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù. Lẹ́tà kejì ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì náà bá ìgbà rẹ̀ mu. SP, tó bẹ̀rẹ̀ ní May 2020, wà lára àwọn tó wà fún mọ́tò òde òní. SN ti wà láti 2010. Ṣùgbọ́n SA kò ní èròjà àfikún kankan nínú, API fúnra wọn sì kìlọ̀ pé kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. SB kò kọjá ẹ́ńjìnnì 1951, SF kò kọjá 1988. Ẹni tó bá ta irú èyí fún yín pé ó dára fún gbogbo mọ́tò, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "synthetic" gan-an kì í ṣe òṣùwọ̀n. "Synthetic blend" àti "synthetic technology" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "full synthetic", ike kì í sì í sábà sọ iye sintẹ́tíìkì tó wà nínú àdàlù náà. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé mọ́tò yín ni kí ẹ máa tẹ̀lé: bóyá dexos1, bóyá VW 504 00, bóyá MB 229.5. Tí ike bá ní "meets" tàbí "recommended for", ẹnu ẹni tó ń tà á nìyẹn. "Approved" ló túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ mọ́tò ti yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. API ní àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n fún níwèé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá orúkọ ọ́ìlì náà níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti àwọn arọgbàrọgùdù, ẹ wo òrùka tó wà lábẹ́ ìdérí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá yí ìdérí ni ó yẹ kó ṣẹ́ kúrò lára rẹ̀. Tó bá ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tàbí tí gúlúù wà lára rẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ike wé ti ara páálí. Kí méjèèjì bára mu. Ẹ má fi àwọ̀ ṣèdájọ́ rárá, torí aró lásán lè sọ ọ́ìlì burúkú di pupa bí oyin. Òórùn pẹtiróòlù tàbí ti ohun tó jóná ni kí ẹ sá fún, torí ọ́ìlì tí wọ́n ti lò tí wọ́n sẹ́ lásán ló máa ń rùn báyẹn.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ká ní 5W-30 ni wọ́n kọ sára ike tí ẹ rà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Ẹ da ìdajì ife rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ da ìwọ̀n kan náà lára èyí tó dá yín lójú sínú òmíràn. Kí méjèèjì sun fìríìsà mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ tẹ ìgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. 5W-30 tòótọ́ á máa ṣàn. 20W-50 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà á máa wọ́ bí oyin tó dì. Àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá èròjà inú rẹ̀ pé. Lábù ló lè sọ ìyẹn: kíki SAE 30 (ìyẹn 30 tó gbẹ̀yìn nínú 5W-30) gbọ́dọ̀ wà láàrin 9.3 sí 12.5 cSt, tí wọ́n fi ń wọn kíki ọ́ìlì, ní 100°C, kí zinc, phosphorus àti calcium sì hàn nínú èsì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ọ́ìlì tí kò ní èròjà ni wọ́n tà fún yín.

Ọ́ìlì burúkú kì í pariwo lọ́jọ́ kìíní, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í fura. Ọ́ìlì tí kò ní èròjà tó ń fọ ẹ́ńjìnnì máa ń di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ náà á sì dí asẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fà á ní ìsàlẹ̀. Iná ọ́ìlì á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú nígbà tí mọ́tò bá gbóná tó sì dúró lójú kan. Tí mọ́tò bá ní tọ́bò, ìyẹn ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni béárìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kan kọ-kọ-kọ.

Tí ẹ bá ti rọ irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sínú mọ́tò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ fi fíltà tuntun sí i, kí ẹ rọ ojúlówó, kí ẹ sì tún pààrọ̀ òun àti fíltà ní kìlómítà 1,000. Ẹ tọ́jú 200 ml lára ọ́ìlì burúkú náà sínú ìgò tó mọ́, pẹ̀lú ike àti rìsíìtì. Àwọn ni ẹ̀rí yín lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Bí mẹkáníìkì bá ń bá yín pààrọ̀ ọ́ìlì, lójú yín ni kó ti ṣí ike. Gbogbo ike òfìfo tí ẹ kò bá nílò mọ́, ẹ fi ìṣó lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ya lébẹ̀lì rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù, torí irú ike bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣà tí wọ́n fi ń ṣe òwò wọn.