HR àbí yúníọ̀nù: ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ẹ̀tọ́ wọn ní Nàìjíríà, HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́, dáa o, owó oṣù ń wọlé déédéé, wàá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò pẹ́ńṣọ̀n, ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù látọwọ́ òṣìṣẹ́, 10 látọwọ́ ọ̀gá, àmọ́ ọ̀gá ló ń san owó ẹ, tóṣìṣẹ́ bá wá fara pa, ó lè ṣòro fún ẹ láti sọ gbogbo òótọ́ fún un.

Ti yúníọ̀nù yàtọ̀. Owó kéré, ìpàdé pọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lo ti máa pàdé ẹni tí ẹ̀rọ gé níka tí ò mọ̀ pé òfin 2010 ní kílé iṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, nítorí irú ọjọ́ yẹn gan-an, kọ́bọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lápò òṣìṣẹ́, tàbí ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò ríṣẹ́ míì fóṣù mẹ́rin, tí ò mọ̀ pé òun lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó pẹ́ńṣọ̀n òun. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Tèmi ni pé kó o kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní yúníọ̀nù, kó o tó gba HR lọ.