Ẹ ṣọ́ra fún Intel I350-T4 ayédèrú: ₦48,000 ti wọgbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń to firewall Linux (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sílé, ẹ má ra I350-T4, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Intel oní-pọ́ọ̀tù mẹ́rin, tokunbo ní Ìkẹjà láìdán an wò dáadáa. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. ₦48,000, lẹ́yìn tí mo ti ná an títí ẹnu mi fi gbẹ!

Ẹ má sì bi mí bóyá mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò o! Sítíkà Intel wà lára rẹ̀, mo ṣe lspci -nn (àṣẹ Linux tó ń fi nọ́ńbà ìdámọ̀ káàdì hàn) níwájú ọmọ tó tà á fún mi: 8086:1521, nọ́ńbà I350, ó pé. Àṣé ṣíìpù nìkan ni ojúlówó, pátákó tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni ayédèrú. lspci ò lè rí ìyẹn.

Mo délé, mo kọ fáìlì .link mẹ́rin, tí systemd fi ń sọ pọ́ọ̀tù lórúkọ, sí /etc/systemd/network, MACAddress= (MAC ni nọ́ńbà tó yẹ kí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀) ni mo fi dá pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan mọ̀: wan0, lan0, cam0, guest0. Mo tan ẹ̀rọ, wan0 nìkan ló jáde. Mo tún un kọ. wan0 nìkan! Mo bú systemd, mo bú ara mi, kí n tó wo ip link: MAC kan náà ni pọ́ọ̀tù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Olè yìí ò tilẹ̀ lè yí nọ́ńbà tó kẹ́yìn padà.

Mo fi Path= (ibi tí pọ́ọ̀tù wà nínú ẹ̀rọ) rọ́pò MACAddress= ní [Match], mo fún kálukú ní MAC tirẹ̀ ní [Link]. Wọ́n jáde. iperf3, tó ń dán bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe yára tó wò, sáré fún bí ogún ìṣẹ́jú, ni dmesg (àkọsílẹ̀ kernel Linux) bá kọ ọ́: PCIe link lost, káàdì ò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kan irin tó ń fa ooru kúrò lórí ṣíìpù, ó jó mi, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Mo gbé e padà fún ọmọ náà. Ó ní: "Ọ̀gá mi, kọ̀ǹpútà yín ló jó o." Kọ̀ǹpútà tèmi!

Ó dáa, ojúkòkòrò mi wà níbẹ̀, mo mọ iye tí ojúlówó ń lọ. Ṣé ìyẹn wá ní kó jà mí lólè?

Kí ẹ tó sanwó: ethtool -P (àṣẹ tó ń fi MAC tí wọ́n kọ sínú káàdì hàn) lórí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, kí MAC yàtọ̀ síra, kó bá ti sítíkà mu. Bí dmesg bá ní NVM Checksum Is Not Valid (àkọsílẹ̀ inú káàdì ò péye), ẹ dá a padà. Ẹ ki wáyà bọ gbogbo rẹ̀, 1000Mb/s ni kí ethtool sọ, kì í ṣe 100. iperf3 fún wákàtí kan. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ráyè, ẹ máa lọ; irú kan náà ni gbogbo wọn.

Ọmọ náà tún gbé e sí Status láàárọ̀ yìí: "I350-T4 original, mẹ́fà péré ló kù."