DATE inú Db2 fún fáìlì AS/400 àtijọ́: òun ni kẹ́ ẹ mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń bá AS/400 ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà IBM tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò, IBM i tí wọ́n ń pè é báyìí, tí ọ̀gá bá ti ní kẹ́ ẹ tún fáìlì àtijọ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi nọ́ńbà tọ́jú déètì mọ́. DATE, irú kọ́lọ́ọ̀mù tó wà fún déètì nínú Db2 (database orí ẹ̀), ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé kì í gba ìranù, torí nọ́ńbà oní-díjíìtì 6 yẹn (méjì-méjì fún ọdún, oṣù àti ọjọ́), tẹ́nì kan bá tẹ 30 Fẹ́búárì sínú ẹ̀ á gbé e mì, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣírò gbèsè kọ́sítọ́mà ni wàhálà á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. DATE ò ní gbà á láé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí owó ọjà máa pé, ẹ kàn kọ + 30 DAYS tẹ̀ lé e nínú SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi database ní nǹkan, ó parí. Byte 4 péré ló ń gbà, nọ́ńbà oní-díjíìtì 8 tí wọ́n pack, ìyẹn tí wọ́n fún pọ̀ kó má gbàyè, gan-an ń gba 5.

Ibi tó ti le ni tí ọjọ́ ò bá tíì sí, bíi owó tẹ́nì kan ò tíì san. Prógíráàmù àtijọ́ tí wọ́n fi RPG, èdè orí AS/400, kọ máa ń fi 0 síbẹ̀, DATE ò sì mọ 0. NULL (ìyẹn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀) ló yẹ, àmọ́ RPG máa ní kẹ́ ẹ kọ ALWNULL(*USRCTL) kó tó lè gba NULL, kẹ́ ẹ tún máa fi %NULLIND yẹ̀ ẹ́ wò bóyá NULL ló wà níbẹ̀, ó ń súni gan-an, torí ẹ̀ ni mo ṣe fún un ní 4 nínú 5. Àwọn kan á wá fi 0001-01-01 dípò, èmi ò fara mọ́ ọn, ẹni tó ń ka ríìpọ́ọ̀tù ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ gidi.

Ẹ tún ṣọ́ DATFMT o, ètò tó ń sọ bí déètì ṣe máa hàn! Tó bá ṣì wà ní *YMD tàbí *DMY, tí ọdún wọn jẹ́ díjíìtì méjì péré, 1940 sí 2039 nìkan ló lè gbé, bàbá oní-pẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n bí ní 1938 á kàn di ++++++++ lójú skríìnì, gbèsè ilé tó máa parí ní 2045 náà á rí bẹ́ẹ̀. Déètì inú fáìlì ò bàjẹ́, ẹ yí i sí *ISO, tí ọdún ẹ̀ jẹ́ díjíìtì mẹ́rin, á hàn.

Ẹ má sì pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù DATE kún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kí trigger, kóòdù tí database ń ṣe fúnra ẹ̀ tẹ́nì kan bá kọ nǹkan sínú fáìlì, máa kọ tuntun àti àtijọ́ pọ̀, títí prógíráàmù tó kẹ́yìn á fi kúrò lórí nọ́ńbà yẹn.